Ṣágámù Tí Mo Bá Láyé

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa ní àlejò ti gba Ṣágámù mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa mí. Ìlú mẹ́tàlá ni ogun ayé ọjọ́un kó jọ síbí ní 1872: Ọ̀fin, Màkún, Ṣónyìndó, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn yòókù, kálukú pẹ̀lú ìjòyè tirẹ̀. Mo gbọ́njú bá àwọn àgbà Màkún tí wọn ò ní gbà kí ẹ pè wọ́n ní ará Ọ̀fin láéláé.

Obì ló fa àwọn Hausa wá. Gbànja Rẹ́mọ ní orúkọ lókè Ọya, ìyá mi sì wà lára àwọn tó ń bó o. Wọ́n á rẹ obì sómi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀. Láti àárọ̀ làwọn obìnrin yóò ti jókòó tì í, wọ́n á máa bó, wọ́n á máa fọ̀, wọ́n á máa ṣa èyí tí kòkòrò ti lu sọ́tọ̀. Alhaji tó ń rà á ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, á da obì sí i, á fi ewé bò ó, á wá fi okùn rán ẹnu rẹ̀ pa, torí kò gbọdọ̀ gbẹ kó tó dé Kano. Bí wọ́n bá ń nájà, Hausa ni ìyá mi ń sọ, Yorùbá ni Alhaji ń sọ, kálukú ń fi èdè ẹnì kejì pọ́n ọn lé kó lè rí i rẹ́ jẹ!

Ní 1978 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé. Àwọn Ígbò ṣí ìsọ̀ ẹ̀yà ara mọ́tò. Àwọn ará Gánà ń kọ́ni níléèwé, kí ìjọba tó lé wọn ní 1983.

Ti oṣù keje 1999 kò dùn ún sọ. Ìjà lórí ọdún Orò bẹ́ sílẹ̀ láàárín Hausa àti Yorùbá, ẹ̀mí lọ, ilé jóná, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀ ní Kano láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn lọ. Àwọn kan padà. Obì ṣáà ń so.

Ọmọ-ọmọ Alhaji ṣì wà ní Sábó. Ó wá kí mi lọ́dún iléyá, ó ń fi Rẹ́mọ pọ́ńbélé dá àpárá, mo ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ-ọmọ mi tó ti Èkó wá sì ń bi mí pé kí ló ń sọ.