Tẹlifóònù Kì í Wa Ọkọ̀

Ẹni tó bá dé èbúté Àgbádárìgì lọ́jọ́ ọjà Àgbálátà yóò rò pé kò sí ẹni tí kò ní fóònù mọ́ láyé. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ń pè, alájàpá ń pè, ẹni tó ru àgbọn fi èjìká gbá tirẹ̀ mọ́ etí, ó ń pariwo bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Láti ọdún 1985 tí ìjọba dá NITEL sílẹ̀ títí di ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Ilé olówó, ọ́fíìsì ìjọba àti báńkì ni ẹ ti lè rí i. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé. Nígbà tó di 2003, Glo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan dípò ìṣẹ́jú gbáko. Ìyẹn ló jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lè sọ pé "Mo ti dé o," kó sì tètè pa á láìjẹ gbèsè.

Nítorí náà, mi ò wá bú fóònù o. Ẹni tó bá bú u níwájú mi, èmi náà á bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń ri òpó, àwọn tó ń pín ẹ̀rọ, àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè lórí rédíò máa ń fò kọjá. Ìròyìn ọ̀tọ̀, ìrànlọ́wọ́ ọ̀tọ̀. Fóònù lè sọ fún ọ pé ọ̀nà wà. Kò ní bá ọ rìn ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní abúlé apẹja kan láàárín ọ̀sà àti òkun, ní ìkọjá ìlú Àgbádárìgì. Ìyá Òkè-Odò ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀sà wà níwájú ilé rẹ̀, òkun wà lẹ́yìn, iyanrìn àti igi àgbọn ló wà láàárín. Ègùn ni ọkọ rẹ̀, èdè méjèèjì ló sì fi ń ná ọjà. Ẹja ló ń yan, ṣáwá ni pàtàkì. Fóònù oníbọ́tìnnì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ní iná lórí, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin rà fún un. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ má fi fóònù yẹn ṣeré níwájú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lò ju ẹlòmíràn tó jáde ní yunifásítì lọ.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Kerala, ìlú apẹja kan wà létíkun tí wọ́n ń pè ní Badagara. Ẹ ò rí i pé orúkọ náà fẹ́ jọ ti wa? Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Robert Jensen ṣe ìwádìí níbẹ̀. Ó ṣàkọsílẹ̀ pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1997, apẹja 11 gbé ẹja ṣáádìnì dé Badagara, wọn kò rí ẹni rà á, wọ́n sì fẹ́ dà á nù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní etíkun méjì mìíràn tí kò jìn ju kìlómítà 15 lọ, olùrà 27 ń wá ẹja kiri, wọn kò rí. Láàárín 1997 sí 2001, fóònù alágbèéká tàn dé àwọn etíkun náà. Apẹja ń ti orí omi pe èbúté: "Èló ni lọ́dọ̀ yín?" Ibi tó bá dára ló ń kọjú ọkọ̀ sí. Nígbà tí Jensen tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, ó ní èrè àwọn apẹja fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, iye tí àwọn olùrà ń san fi ìdá 4 dín, ẹja tí wọ́n ń dà nù sì dópin.

Ìtàn yìí dùn, ó sì jẹ́ òótọ́. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ ká gbà pé ẹ̀rọ nìkan ti tó. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Òkè-Odò lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, tó ń to ẹja sórí ààrò. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin náà máa ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á l'Ékòó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo máa ń béèrè, ọmọ mi. Àbúrò rẹ tó wà lọ́jà l'Ékòó máa ń sọ fún mi láràárọ̀. Mo tilẹ̀ máa ń gbọ́ kí ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ mi tó gbọ́. Ṣé gbígbọ́ ni yóò san gbèsè?"

Gbèsè kẹ̀? Àṣé obìnrin olówó kan láàárín ìlú ló yá wọn lówó tí wọ́n fi ra àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé títí gbèsè yóò fi tán, olówó náà nìkan ni wọn yóò máa ta ẹja fún, iye tó bá sì dá lé e ni wọn yóò gbà. Àròjinlẹ̀ bá mi. Apẹja Kerala gbọ́ iye owó, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí wọ́n ti fi gbèsè so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Bó gbọ́ iye owó Èkó lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, kí ló kù tí yóò fi ṣe ju kó máa bà á nínú jẹ́ lọ?

Ọ̀rọ̀ gbèsè ṣì kéré. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan bí agogo kan, fóònù mi dún nílé mi l'Ékòó. Ìyá Òkè-Odò ni. Ara ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń gbóná láti àná, gìrì sì ti wá mú un. Wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n mọ̀ nínú ìlú. Nọ́ọ̀sì yẹn gbé e lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé ọmọ bọ̀ kíákíá, òun yóò dúró dè wọ́n. Kí ló tún kù? Ọkọ̀ ló kù. Wọ́n pe ọlọ́kọ̀ kìíní, fóònù rẹ̀ ti kú, bátìrì ti tán. Wọ́n pe èkejì, ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹ̀kẹta gbé e, ó ní kò sí epo bẹntiróòlù nínú ẹ́ńjìnnì òun, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i rà ní irú àkókò yẹn?

Ẹ̀yin ará, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ gaara lóru ọjọ́ náà. Mò ń gbọ́ ẹkún, mò ń gbọ́ ariwo àwọn obìnrin, mo tilẹ̀ ń gbọ́ ìró omi bí ó ti ń na ara ọkọ̀. Èmi l'Ékòó, nọ́ọ̀sì ní Àgbádárìgì, àwọn ní òkè odò, gbogbo wa ni a ń gbọ́ ara wa kedere. Ọ̀sà nìkan ni kò gbọ́. Nígbà tó yá, bàbá ọmọ náà gbé e sínú ọkọ̀ kékeré, ó mú àjẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ la òkùnkùn kọjá. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ ló gbà á là. Fóònù kàn ń bá wa sunkún ni.

Nígbà tí mo rò ó, mo rántí àrokò àwọn bàbá ńlá wa. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: èrò tèmi tìrẹ jọra. Wọn kò ní bátìrì, wọn kò ní òpó. Ṣùgbọ́n àrokò kì í dá rìn. Ẹnì kan ló ń gbé e lọ, ẹnì kan ló ń tú u, ẹni tó sì tú u mọ ohun tó kàn án láti ṣe. Ẹ kó ẹyọ mẹ́fà fún ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, owó lásán ló rí.

Àwọn obìnrin abúlé náà kò ka ìwé Jensen, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti ń dá àjọ tipẹ́. Lẹ́yìn òru ọjọ́ yẹn, wọ́n pé jọ, wọ́n ní kí olúkúlùkù máa fi owó díẹ̀ lé tirẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì kan tó wà nílé bàbá àgbàlagbà kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi fún aláìsàn tàbí aboyún. Ọlọ́kọ̀ méjì ló ń gba iṣẹ́ òru lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kìíní, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kejì. Wọ́n ra iná kékeré tó ń lo oòrùn, ẹni tí iṣẹ́ kàn ló máa ń fi ṣe ṣáájì fóònù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé ń pè lóru, ẹni tó bá sì kọ̀ láti gbé e yóò san owó ìtanràn. Nígbà tí àjọ kan Ìyá Òkè-Odò, ó fi tirẹ̀ san gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni iye owó tó ń gbọ́ láràárọ̀ ti wúlò fún un.

Ẹ má rò pé abúlé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2022, òkè ayọnáyèéfín kan bú gbàmù nínú Òkun Pàsífíìkì, nítòsí àwọn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Tonga. Okùn kan ṣoṣo tó gùn ní kìlómítà 827, tó gba abẹ́ òkun láti Fiji, ni wọ́n fi ń bá ayé sọ̀rọ̀. Okùn náà já. Àwọn ọmọ Tonga tó wà ní New Zealand àti Ọsirélíà kò mọ̀ bóyá òbí wọn wà láàyè, wọn kò sì lè fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe fún erékùṣù ńlá. Ti àwọn erékùṣù kéékèèké, Vava'u àti Ha'apai, ó di ọdún 2023. Satẹláìtì ni wọ́n fi ń rọ́gbọ́n dá. Ẹni tó wà ní ìparí okùn ni ó pẹ́ jù lọ kí ó tó rí ìtura.

Àwa náà jẹ nínú ẹ̀. Láti ọdún 1886 tí okùn tẹlígíráàmù ti dé Èkó ni irú okùn bẹ́ẹ̀ ti ń gba abẹ́ òkun kọjá lọ́nà jíjìn níwájú etíkun wa, tó ń lọ bá àwọn ará ìlú ńlá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn ayé òde òní, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ báńkì dàrú káàkiri Nàìjíríà. Ní Àgbádárìgì, alájàpá tó gbójú lé owó orí fóònù di ẹni tó ń wá owó bébà kiri. Ní òkè odò, ẹni tó ní kẹ́ẹ̀gì epo ṣì ní kẹ́ẹ̀gì epo.

Ọ̀kan ṣì kù. Mọ̀lẹ́bí ọkọ Ìyá Òkè-Odò pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ìkọjá ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà wọn sí, màmá sì ya àmì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó lè dá a mọ̀: ẹja fún apẹja, ìkòkò fún amọ̀kòkò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yí gbogbo nọ́ńbà fóònù wọn padà láti mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wọ́n fi 01 síwájú. Ní abúlé náà, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n pè, pè, pè, kò wọlé. Àwọn kan ti ń rò pé ikú ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ-ọmọ màmá kan, ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ló gbọ́ nínú ìlú. Ó mú ẹfun, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń fi 01 kún nọ́ńbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọn àgbà. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, abúlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn lábúlé, bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù ránṣẹ́ sílé lọ́dún yìí, ẹ rà á, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dì í, ẹ béèrè pé ta ni yóò gbé e bí ó bá dún lóru, kí ló sì wà lọ́wọ́ ẹni náà tí yóò fi dìde. Bí ẹ bá rí i pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi owó kẹ́ẹ̀gì epo kan lé e.