Ìgbàgbọ́ àti Ahọ́n

Ní Ẹ̀pẹ́, ìyá àgbà mi ló máa ń ka Bíbélì fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wọn. Nígbà tí wọ́n gba eyín àtọwọ́dá tòkè, wọ́n dákẹ́. ‘S’ ń dún bíi ‘ṣ’, ojú sì ń tì wọ́n.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé aferìgìpè ni ‘s’. Eyín náà bo èrìgì òkè àti àjà ẹnu, ahọ́n sì ní láti tún ọ̀nà mọ̀.

Àwọn kan ní àdúrà ti tó. Màmá gbàdúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ka Sáàmù sókè láràárọ̀. Ìgbàgbọ́ kọ́ ló kọ́ ahọ́n wọn ní ‘s’; òun ló fún wọn ní ìgboyà láti ṣì í pè lójú ìjọ, títí ó fi já geere.