Bàálù Wa Kọ̀, Kò Dúró Lójú Kan

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà ẹlẹgbẹ́ wa nílẹ̀ Haúsá, ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti gbé Zaria rí yóò mọ ìró bàálù kékeré tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú fi ń kọ́ṣẹ́ lókè orí ẹni. Láti ọdún 1964 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó wu ni ni, ṣùgbọ́n owó tí ó ń gbà kì í ṣe owó ọmọ mẹ̀kúnnù. Ti bàálù orí kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ. FlightGear ni orúkọ ètò náà, ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn lè fi sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, kí ó sì jókòó sínú yàrá bí ẹni tí ó jókòó sí iwájú bàálù gidi. Àwọn kan yóò ní eré ọmọdé ni. Kí wọ́n dúró ná.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Àwa mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, wà nílé ní Kàdúná tí wọ́n bí wa sí, a kò rí ibi lọ. Ọ̀fà ni bàbá wa ti wá. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé e dé ilẹ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ nínú bàbá tiyín náà. Ìyá àgbà wa wà ní Ọ̀fà, ara rẹ̀ kò sì le lọ́dún náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28 oṣù kẹta, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń bọ̀ láti Àbújá sí Kàdúná. Láti ọjọ́ náà ni bàbá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ òun kankan kò ní gba ọ̀nà yẹn, ìbáà jẹ́ ojú irin, ìbáà jẹ́ títì. Owó bàálù kò sí. Bí ó ti di pé ìyá ń ṣàìsàn, tí ọmọ kò lè lọ wò ó nìyẹn. Àgbà inú wa ló fi ṣe àwàdà pé, ó dára, a ó fò lọ.

Cessna 172 ni bàálù tí a lò, oníjókòó mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì kan. Ìlọrin ni pápákọ̀ òfuurufú tí ó sún mọ́ Ọ̀fà jù, láti Kàdúná síbẹ̀ sì tó nǹkan bí 400 kìlómítà, ìrìn wákàtí méjì fún irú bàálù bẹ́ẹ̀. Gíga tí a yàn ni 6,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ wọ̀nà tí ó sì dorí kọ apá ìwọ̀-oòrùn, 4,500 tàbí 6,500 tàbí 8,500 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ á gba 5,500 tàbí 7,500, kí wọ́n má baà forí sọ ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ di ọ̀pá ìdarí mú fún wákàtí méjì láìmira. Nítorí náà ni a fi gbé iṣẹ́ lé autopilot lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí ń tọ́ bàálù fúnra rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú Cessna yìí ń jẹ́ KAP 140. Ènìyàn á sọ gíga tí ó ń fẹ́ fún un, òun yóò gùn ún, yóò sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn.

Ní tiwa, bàálù kò tilẹ̀ dé 6,500 rárá. Ìwé Cessna sọ pé bàálù náà lè gun 700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, a sì ní kí autopilot gùn ún bẹ́ẹ̀. Ó ń gùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń lọ sókè, eré rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí tí kò fi sí afẹ́fẹ́ tí ó tó láti gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́, ó bá dojú délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bákan náà. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé etí òkun ni ìwé náà ń bá wí. Pápákọ̀ Kàdúná fúnra rẹ̀ ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sókè, nínú oòrùn oṣù kẹrin sì rèé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa fúyẹ́ bí ẹni pé ènìyàn ti wà ní 5,000. Ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ tí ó tó mí. Autopilot yìí kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ eré. Kò fọwọ́ kan epo, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá agbára wà. Wọ́n ní kí ó gun 700, yóò gbé imú sókè títí bàálù yóò fi ṣubú. Irú ọmọ ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé ayé. A dín in kù sí 300, ìka wa wà lórí epo, ó sì gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ó dé òkè tán ni wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀. Bàálù ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi lórí ìgbì: 6,580, 6,430, 6,600. Àbúrò wa ní kọ̀ǹpútà ló ń falẹ̀, kò sì parọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń pẹ́ kí ó tó rí àṣìṣe, yóò pẹ́ kí ó tó tún un ṣe, yóò sì tún un ṣe kọjá ààlà, bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ tí ń já sọ́tùn-ún já sósì. A dín àwòrán igi àti ilé kù. Ìmìtìtì náà dín kù, kò tán. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ń wo ara wa lójú, NEPA sì ń ràn wá lọ́wọ́ nípa mímú iná lọ.

Nígbà tí ó yá, a kàn fa wáyà joystick yọ kúrò lára láptọ́ọ̀pù nígbà tí bàálù wà lókè. Kíá ni ó dúró jẹ́ẹ́. Joystick àlòkù ni, nǹkan inú rẹ̀ ti jẹ, ó sì ń ránṣẹ́ kéékèèké sí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Òun ń ti imú bàálù, autopilot ń dá a padà. Nínú fáìlì joystick náà, FlightGear fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní dead-band, ìyẹn ìwọ̀n ìmira tí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ kà sí. A kọ 0.05 síbẹ̀, ìjà parí.

Ẹ má fi èyí ṣe ẹ̀rín. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1972, Flight 401 ti Eastern Air Lines, bàálù ńlá Lockheed L-1011, ń lọ láti New York sí Miami. Iná kékeré tí ó yẹ kí ó sọ pé ẹsẹ̀ iwájú ti jáde kò tàn. Wọ́n gòkè padà sí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n ní kí autopilot dúró síbẹ̀, wọ́n sì dojú kọ gílóòbù tí ó jó náà. Àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ gbà pé ó jọ pé ẹnìkan fara ti ọ̀pá ìdarí, autopilot sì jọ̀wọ́ gíga tí ó dì mú. Kò sí ẹni tí ó tètè fura. Bàálù rọra ń wálẹ̀ nínú òkùnkùn títí ó fi já sínú àbàtà Everglades. Ènìyàn 101 ló bá a lọ, 75 ló yè. Nǹkan kan kò ṣe ẹsẹ̀ náà. Gílóòbù nìkan ló jó.

Ó wá ku ẹyọ kan, kò tilẹ̀ gbà wá lákòókò. Bàálù dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n 6,410 ni aago gíga ń kà. Bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó ni àwọn ẹ̀rọ yìí fi ń mọ gíga, KAP 140 sì ní nọ́mbà tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti aago tí awakọ̀ ń wò. Tiwa wà ní 29.83, bí ojú ọjọ́ ti rí. Tirẹ̀ wà ní 29.92. Ìyàtọ̀ 90 ẹsẹ̀ bàtà nìyẹn. Bọ́tìnnì BARO ló parí rẹ̀.

Inú oṣù kẹjọ ni a fò ó já. A ré odò Ọya kọjá, ọwọ́ aago kò kúrò lórí 6,500. Kí a tó sọ̀ sí Ìlọrin, a yà lọ sí òkè Ọ̀fà. Koríko ni ó pọ̀ jù nínú àwòrán náà, àti ilé mélòó kan tí ètò yẹn fúnra rẹ̀ tò síbẹ̀. Bàbá wa ti dúró lẹ́yìn wa láti ìgbà tí a ti rí odò, kò sọ pé eré ọmọdé ni. Ó ń ka ibùdó ọkọ̀ ojú irin sẹ́nu: Minna, Zungeru, Mokwa, Jẹ́bà, Ìlọrin, Ọ̀fà. Ó mú fóònù, ó pe ìyá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí ilé yín kọjá báyìí." Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kọ̀ǹpútà dé orí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ààbọ̀.

Ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Abájọ tí mi ò fi gbọ́ ìró wọn. Sọ fún wọn, kí wọ́n fò wálẹ̀ díẹ̀ lọ́la."