Ìpamọ́ Àwọn Ìwé Inú Kọ̀ǹpútà Ilé

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ń ka ìwé yìí sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ilé yín.

Nínú ti àwa, àwòrán bàbá wa olóògbé wà níbẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ohùn ìyá wa tí ń kì wá ní oríkì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọjà wo ni a ó ti ra ohùn ẹni tí ó ti lọ?

Ìlànà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi lélẹ̀ kò le: kí ohun kọ̀ọ̀kan kí ó ní ẹ̀dà 3, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí wọn kí ó wà lórí ohun èlò oríṣi 2, kí 1 nínú wọn kí ó sì wà ní ibòmíràn tí iná tàbí olè ilé wa kò lè dé. Àgbẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ èbù iṣu rẹ̀.

Báyìí ni àwa ń ṣe é. Ní alẹ́ Àbámẹ́ta gbogbo, a ń da ìwé wa kọ sórí dísìkì kan. Bí ó bá ti parí, a ń yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn ọ̀daràn a máa rán kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà, tí yóò ti gbogbo ìwé pa, tí wọn yóò sì béèrè owó ìràpadà. Dísìkì tí ó bá so mọ́ ọn lè bá a lọ. Dísìkì kejì wà lọ́dọ̀ àbúrò wa ní Abẹ́òkúta, a sì ń pààrọ̀ méjèèjì lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n ìpamọ́ nìkan kò tó. Ní 1998, ní ilé-iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, àṣẹ kan tí a ṣì pa fún kọ̀ǹpútà pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fíìmù Toy Story 2 rẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dà ìpamọ́ wò, kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀dà tí Galyn Susman, òṣìṣẹ́ wọn, ní nílé rẹ̀ ni ó kó wọn yọ. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, a ń mú ìwé díẹ̀ láti inú dísìkì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, a sì ń ṣí wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí aya tàbí àkọ́bí yín mọ ọ̀rọ̀ ìṣínà pẹ̀lú. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bá olóhun lọ sí ọ̀run, èrè kí ni àpótí? Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ yìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.