Àwọn Tó Ń Bá Róòsì Gbé

Ilẹ̀ amọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Bí òjò bá rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ bàtà wọ inú ilé. Bí oòrùn bá mú lọ́jọ́ bíi mélòó kan, a gan, a sì sán. Ọ̀pọ̀ òdòdó ni kì í fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá róòsì lára mu, torí pé amọ̀ kì í tètè jẹ́ kí omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí róòsì fi pọ̀ níwájú ilé ní àdúgbò wa, pàápàá níwájú ilé àwọn àgbàlagbà. Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé dé ilé: wọ́n á tò ó ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n á fi àyè sáàárín ọ̀kan àti èkejì, wọ́n á sì ro àyè náà mọ́ tónítóní débi pé koríko kan kò ní yọjú níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe bá tiwa nígbà tí a kó débẹ̀. Nígbà tí màmá mi wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ wa, wọ́n rìn yí ọgbà náà ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí àwọn róòsì náà, wọ́n ní, "Àyè àárín yìí ńkọ́? Ta lo fi í sílẹ̀ fún?"

Mo ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín níbí nìyẹn."

Wọn ò fèsì. Oko Ìṣẹ́yìn ni wọ́n dàgbà sí. Níbẹ̀, iṣu á wà lórí ebè, àgbàdo á dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gúsí á sì fà kiri ìsàlẹ̀ títí ewé rẹ̀ yóò fi bo ilẹ̀ pátá. Koríko kì í ráyè hù lábẹ́ ẹ̀gúsí, oòrùn kì í sì í rí ilẹ̀ fà gbẹ. Ẹni tó bá ti rí oko bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ lásán tó wà láàárín ohun ọ̀gbìn kò lè dà bí ìmọ́tótó lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọgbà yìí dá màmá mi lóhùn.

Mi ò sọ pé róòsì tí wọ́n gbìn lóun nìkan kò rẹwà o. Ẹni tó bá wọ Queen Mary's Gardens nínú Regent's Park ní oṣù Kẹfà, níbi tí róòsì ti tó nǹkan bí 12,000, kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ló ń ṣọ́ ibẹ̀ tọ̀sán tọ̀sán. Ọgbà tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni Sissinghurst ní Kent. Òǹkọ̀wé nì, Vita Sackville-West, àti ọkọ rẹ̀, Harold Nicolson, ló ra ilé tó ti ń di ahoro náà ní 1930, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà tí àwọn èèyàn ń ti ìdálẹ̀ wá wò. Róòsì àtijọ́ kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìdí wọn, torí pé oríṣiríṣi òdòdó mìíràn ti gbà á kan. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀ka róòsì gígùn nàró ṣánṣán. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá hazel tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ̀ka tó bá nàró, orí rẹ̀ lókè nìkan ló máa ń tanná, torí pé ọ̀mùnú òkè kì í jẹ́ kí àwọn ojú tó wà nísàlẹ̀ jí. Bí a bá tẹ ẹ̀ka náà sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀mùnú yẹn á dẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan á yọ ẹ̀ka tirẹ̀, òdòdó á sì bo ẹ̀ka náà láti ìdí dé orí. Oṣù Kejì, nígbà tí ewé ò tíì sí lára rẹ̀, ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó gun ara ọgbà pákó wa. Ó gba sùúrù àti ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn, torí pé ẹ̀gún rẹ̀ kò mojú olówó rẹ̀.

Àwọn wo ló wá yẹ kó bá róòsì gbé? Ìmọ̀ràn pọ̀ lórí èyí, òmíràn nínú rẹ̀ kò sì jinná. Wọ́n ní bí a bá gbin aáyù sí ẹ̀bá róòsì, òórùn aáyù á lé kòkòrò jìnnà. Mo ti gbìn ín. Kòkòrò ń jókòó sórí ìrudi lókè, aáyù ń hù nísàlẹ̀, ìkan ò di èkejì lọ́wọ́. Lafẹ́ńdà ni ìkejì, àwòrán òun àti róòsì sì wà lára káàdì àti agolo bísíkíìtì káàkiri ilẹ̀ yìí. Àmọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ kò bára mu. Ilẹ̀ gbígbẹ, olókùúta, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ, ní ẹ̀bá òkun Mẹditaréníà, ni lafẹ́ńdà ti ṣẹ̀ wá. Róòsì ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa. Ẹni tó bá ṣe ìfẹ́ inú róòsì nínú ilẹ̀ amọ̀, gbòǹgbò lafẹ́ńdà rẹ̀ á rà kí ìgbà òtútù tó parí.

Nepeta ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ òdòdó rẹ̀ jọ ti lafẹ́ńdà, ewé rẹ̀ rí bí eérú, ilẹ̀ amọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Bí ìtànná àkọ́kọ́ bá ti ń rọ, tí mo bá gé e kanlẹ̀, á tún rúwé, á tún tanná. Àwọn ológbò àdúgbò fẹ́ràn òórùn rẹ̀, wọn a sì máa yí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà ló ń dìde. Ní ibi tí òjìji wà díẹ̀, gèráníọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Rozanne ló wà níbẹ̀. Inú ọgbà ilé kan ní Somerset ni wọ́n ti rí i, orúkọ ìyálé ilé náà ni wọ́n sì fún un. Ní 2013, nígbà tí àfihàn òdòdó ní Chelsea pé ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni àwọn èèyàn dìbò fún pé ó ta yọ nínú gbogbo ohun ọ̀gbìn tó ti jáde níbẹ̀. Ó ń fà nílẹ̀ gbọọrọ, á gba abẹ́ róòsì kan bọ́ sí abẹ́ èkejì, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ a sì máa tutù kódà nígbà tí ojú ọ̀nà bá ń gbóná. Èyí ni ẹ̀gúsí tèmi.

Ṣùgbọ́n bíbo ilẹ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ àwọn alábàágbé wọ̀nyí. Iṣẹ́ kan wà tó jù ú lọ, inú òdòdó róòsì gan-an la ti máa rí ìdí rẹ̀.

Róòsì inú igbó, irú èyí tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awẹ́ márùn-ún ló ní. Ó ṣí àárín sílẹ̀ gbayawu, lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú wà níbẹ̀ fún oyin tó bá fẹ́. Ojú ènìyàn ló fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn olùtọ́jú òdòdó ti ń yan èyí tí awẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí wọ́n ń gbà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Róòsì Yúróòpù àtijọ́, púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń tanná. Ìgbà tí róòsì ilẹ̀ Ṣáínà dé sí Yúróòpù ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti ara rẹ̀ rí agbára àtitanná léraléra. Nítorí náà, róòsì tí gbogbo ayé ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà wà nínú rẹ̀. David Austin ní Shropshire ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí láyé tiwa. Ó gbé róòsì Constance Spry jáde ní 1961, èyí tó ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tó fi máa di 1983, tó gbé Graham Thomas jáde, ó ti rí ìrísí àti òórùn róòsì àtijọ́ so pọ̀ mọ́ ìtànná àtìgbàdégbà. Ọkùnrin tó kó róòsì àtijọ́ jọ sí Mottisfont ní Hampshire ló fi róòsì yìí sọrí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àwọ̀ ìyeyè tó wà lára róòsì náà kò ní jiyàn pé ọ̀gá ṣiṣẹ́.

Mo ní Gertrude Jekyll tirẹ̀, ti 1986, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọmọbìnrin mi já ọ̀kan tó ti fẹ́ rọ, a tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, a ń já awẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ ìta tóbi, ó sì rọ̀. Bí a ṣe ń wọnú ni wọ́n ń kéré, tí wọ́n ń ká kò. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé àárín, ọmọ mi ké pé, "Mọ́mì, ẹ wo eléyìí!" Awẹ́ kan nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ òdòdó gidi, tó ní àwọ̀ ẹsẹ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì sì ṣì di àpò lẹ́búlẹ́bú tíntìnnì kan mú. Ó fẹ́ jẹ́ awẹ́, kò tíì jọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tán. Gbogbo awẹ́ àfikún inú róòsì ni wọ́n ti fìgbà kan jẹ́ ohun tó ń ru lẹ́búlẹ́bú. Ẹwà tí a ń wò, oúnjẹ oyin ni wọ́n fi rà á. Oyin tó bá bọ́ sínú irú òdòdó bẹ́ẹ̀ á rá kiri láàárín awẹ́, á sì jáde lófo.

Ìṣòro róòsì nìyí, torí pé àlejò tí kò rí jẹ kì í dúró, àwọn kan nínú àlejò yìí ni róòsì sì nílò gidigidi. Ní oṣù Karùn-ún, kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé máa ń bo ọrùn ìrudi, wọ́n á ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fa omi ara rẹ̀. Ní àkókò yẹn, abo wọn kò nílò akọ kó tó bímọ, ọmọ náà kì í sì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí tirẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó fi ara jọ agbọ́n, tó máa ń dúró sójú kan lófuurufú. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹran. Omi dídùn inú òdòdó àti lẹ́búlẹ́bú ni oúnjẹ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kúrú, kò lè wọ inú òdòdó jíjìn. Ṣùgbọ́n àárín àwọn kòkòrò aláwọ̀ ewé ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ tó bá sì pa, àwọn ni yóò máa jẹ. Nítorí náà ni mo ṣe gbin fennel àti alyssum sí ìtòsí, òdòdó wẹ́wẹ́ tí àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìyá jẹun lára fennel, ọmọ jẹun lára ìrudi, róòsì sì rí ìgbàlà. Aájò tí róòsì kò lè fi ara rẹ̀ ṣe mọ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá a ṣe é.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni dídúró. Kòkòrò ló máa ń kọ́kọ́ dé, ọ̀tá rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó ń kó ẹbí rẹ̀ lọ síbi tí oúnjẹ ò tíì sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ọwọ́ máa ń yún àwọn èèyàn, tí wọ́n ń fọ́n oògùn. Oògùn náà kì í mọ ọmọ eṣinṣin yàtọ̀ sí kòkòrò. Ó pa àwọn méjèèjì, kòkòrò tó ń tètè bí sì ni yóò kọ́kọ́ padà. Èmi máa ń fi ìka nu èyí tó bá pọ̀ jù, mo sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń ta oògùn wọ̀nyí máa sọ èyí fún oníbàárà.

Àrùn àbàwọ́n dúdú kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá kan tó wà ní ìdílé olú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Diplocarpon rosae, ló ń fà á: ewé á pọ́n, á ní àmì dúdú, á já. Láyé ìgbà tí èédú ń jó nínú gbogbo ilé Lọ́ńdọ̀nù, àrùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè láàárín ìlú, nítorí ìmí-ọjọ́ tó wà nínú èéfín náà ń pa á. Èéfín kan náà ló ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sọ́run ní oṣù Kejìlá 1952, tí ìjọba fi ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Bí afẹ́fẹ́ ti ń mọ́, àbàwọ́n dúdú padà. Èmi tí ọmọ mi ń mí afẹ́fẹ́ yìí, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ewé tí omi bá pẹ́ lórí rẹ̀ ni àrùn náà ń ràn, òjò ló sì máa ń ta á láti ilẹ̀ sára ewé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tí a bò kì í jẹ́ kó ta bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí alábàágbé bá fún róòsì mọ́lẹ̀ jù, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà gbẹ ewé. Mo máa ń fi àyè ìbú ọwọ́ bíi méjì sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, mo sì ń ṣa ewé tó bá já dà nù, mi ò jẹ́ kó dé orí ààtàn.

Róòsì kan tó ti gbó kú ní igun ọ̀tún lọ́dún tó kọjá. Wọn kì í gbin róòsì sí ojú ibi tí róòsì ti kú. Èyí tuntun á kàn máa rù ni, àfi bí a bá kó ilẹ̀ ibẹ̀ jìnnà kúrò, ká fi òmíràn dí i. Mo ti fi ibẹ̀ fún fennel. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n bá ń ta róòsì tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ní ilẹ̀ lára, igun òsì ni mo fẹ́ gbin Rosa glauca sí. Awẹ́ márùn-ún péré ló ní, oyin á rí jẹ, èso rẹ̀ a sì máa pọ́n títí wọ ìgbà òtútù fún ẹyẹ. Lákòókò ogun àgbáyé kejì, tí ọsàn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀lú mọ́, èso róòsì inú igbó ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé máa ká, tí wọ́n fi ń ṣe omi dídùn fún àwọn ìkókó nítorí fítámìn C. Ọmọ mi fẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Igi náà lè ga ju mítà kan àbọ̀ lọ, nítorí náà Nepeta tó wà ní igun yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣí fún un.