Ọkọ̀ Tí A Fojú Rénà

Nígbà tí mẹkáníìkì kan ní Ayétẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ra Píjò 504 tí ó ti wà lábẹ́ igi ọ̀dán fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sí. Owó tí ó fi ọdún mẹ́ta tù jọ ni ó fẹ́ ná sí i. Àwọn ènìyàn ń wá Corolla tòkunbọ̀, òun ń wá ọkọ̀ tí adìẹ ń yé ẹyin sí. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ pàápàá kò lè pa á mọ́ra: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da owó yín nù.” Ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Má wo ìdọ̀tí ara rẹ̀. Wo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.”

Kì í ṣe ọkọ̀ tí yóò kàn máa rìn ni ọkùnrin yìí ń fẹ́. Ó ń fẹ́ èyí tí òun yóò fi ọwọ́ ara òun sọ di alágbára, tí yóò máa sáré dáadáa lójú ọ̀nà Ìdèrè sí Igbó-Ọrà, tí kòtò kò sì ní tètè bà jẹ́. Ohun tí ó bá pọ̀ ní í di ọ̀pọ̀. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná. Ó di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó di ọkọ̀ èrò, títí ó fi mọ́ gbogbo ènìyàn lójú, tí wọn kò sì rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ 504 yìí ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1975, tí ẹ̀yà rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì tún gbà á ní ọdún 1978.

Irú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí Ford ti gbé Mustang jáde ní ọdún 1964, ojú àwọn tí ó fẹ́ràn eré kò kúrò lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì gun òkè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ràgàjì ìgbà náà, bíi Ford Galaxie onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọkọ̀ bàbá àgbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ẹni tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò rí i pé àyè ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́jọ gbòòrò níbẹ̀, orí ṣáásì tí ó dúró lọ́tọ̀ ni a sì gbé ara rẹ̀ lé. Ó wúwo, òótọ́ ni. Ó sì ń mu epo. Síbẹ̀, Galaxie ni Tiny Lund fi gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Daytona 500 ní ọdún 1963. Lund kò ní ọkọ̀ tí yóò wà níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó fa Marvin Panch yọ nínú ọkọ̀ tí ó ń jó. Panch ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ òun fún un.

Mẹkáníìkì Ayétẹ̀ kò fi ìfẹ́ nìkan ra ọkọ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi ṣukudíráfà gún ibi tí irin ti máa ń dípẹtà níkọ̀kọ̀. Ó yí ẹ́ńjìnì wò bóyá ó ti gan. Opó tí ó ni ọkọ̀ náà ń wò ó.

“Ọmọ mi, bí o bá máa tú u tà fún àwọn tí ń ra irin, má rà á.”

“Rárá o, Ìyá. Mo fẹ́ jí i ni.”

Ìdajì owó rẹ̀ ni ó san, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún iṣẹ́. Bíréèkì ni ó kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà sípíríìnì àti ṣọ́kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tó gbé orí ẹ́ńjìnì lọ fún rírẹ́, kí ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ lè le sí i, tí ó sì wá kábúrétọ̀ tí ó dára. Ẹni tí ó fi eré kún ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì, owó ara rẹ̀ ni ó fi ra ikú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wà á dé Ìdèrè, ó gbóná kọjá ààlà, ọkọ̀ mìíràn ni ó fà á padà. Ẹ̀rín tún sọ. Ó pààrọ̀ rédíétọ̀. Ìgbà kejì, ó dé Igbó-Ọrà, ó sì padà láìdúró.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí olùkọ́ kan sọ pé kò lè mọ nǹkan kan láéláé. Òun ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn fááfù kan tí kò dọ́gba.

“Ta ni ó kọ́ ọ?”

“Ọ̀gá, etí mi ni.”

Ọ̀gá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì na sípánà sí i.

Kò sí kíláàsì tí kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùkọ́ bá wò lára rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò sọ bóyá yóò jí, tàbí yóò dípẹtà síbẹ̀.