Àbùùbùtán

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òkun ni ó gbé mi dé. Ìtàn Jónà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí a dé ibi ẹja ńlá, mo sọ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tèmi ti sọ fún mi, pé àwọn bàbá wa ń pe ẹ̀dá tí ó tóbi jù lọ nínú òkun ní àbùùbùtán, nítorí pé bí a bá ń bu ẹran ara rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, a kò lè bù ú tán. Orúkọ náà dùn mọ́ àwọn ọmọ nínú, wọ́n sì ń pè é léraléra. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ta ni ó bù ú tí kò tán?"

Àwọn ìyókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ ìdáhùn, ojú sì tì mí láti wí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà jókòó, kò sì tún bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ títí ó fi jáde ní ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ mọ bí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wúwo lọ́kàn ẹni.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, Ọlọ́run ṣe ọ̀nà fún mi, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ẹ ti kà nínú ìwé ìtàn pé ibẹ̀ ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ ní oko ẹrú, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, títí di òní olónìí sì ni àwọn obìnrin ìlú náà ń din àkàrà tà ní ìgboro, tí wọ́n ń pè é ní acarajé. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé àkókò náà gan-an ni àwọn ẹran òkun ńláńlá kan ń wá sí etí òkun wọn láti bímọ, àti pé àwọn ọkọ̀ kékeré a máa gbé ènìyàn lọ wò wọ́n. Bí ó ti ń ṣe àpèjúwe wọn ni mo mọ̀ pé àbùùbùtán ni, mo sì rántí ọmọkùnrin tí mo ní kí ó jókòó. Mo ní èmi yóò lọ.

Ọmọ òkè ni mí, kì í ṣe ará etí omi. Odò ìlú wa, ẹsẹ̀ ni a fi ń là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa, àyà mi já, nítorí kò gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, àwa mọ́kànlá ni a ó sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan, ó dúdú bí èmi, irun orí rẹ̀ sì funfun bí òwú. Arábìnrin kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹran òkun wà pẹ̀lú wa láti máa ṣe àlàyé. Wọ́n fi ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wọ̀ wá, ọkọ̀ sì ṣí.

Bí a ti ń jáde láti inú omi gbòǹgbò tí ó ya wọ inú ilẹ̀ níbẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Omi Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ilé gíga oníná ti Barra, tí ń tọ́ àwọn ọkọ̀ sọ́nà, wà ní ọwọ́ òsì wa. Erékùṣù Itaparica sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi na ìka sí erékùṣù náà, ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú orí rẹ̀ ní àtijọ́ ni Orí Ilẹ̀ Àwọn Àbùùbùtán, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ wọn gúnlẹ̀ sí tí wọ́n bá ti pa wọ́n tán.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe àlàyé fún mi. Ó ní ní ọdún 1602 ni àwọn ará Basque wá láti Yúróòpù, tí wọ́n kọ́ àwọn ará Bahia bí a ti ń pa ẹran náà. Láti ọdún 1614 títí di 1801, adé ilẹ̀ Potogí nìkan ni ó ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ sanwó fún ọba. Òróró ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń gé ọ̀rá rẹ̀, wọ́n ń sè é nínú ìkòkò irin ńláńlá, wọ́n sì ń fi òróró náà tan fìtílà ní ilé àti ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìfúnrèké, níbi tí a kì í ti sinmi ní òru. Ta ni ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lépa ẹran? Ta ni ń gé ọ̀rá, tí ń koná mọ́ ìdí ìkòkò? Àwọn ẹrú ni, àwọn ọmọ Áfíríkà. Mo wí nínú ọkàn mi pé, "Ọmọ mi, apá kan ìdáhùn rẹ nìyí. Ọwọ́ tí ó bù ú, ọwọ́ tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ni."

Nígbà tí a bọ́ sí ojú agbami, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí gbé wa sókè, ó ń jù wá sílẹ̀. Mo ti jẹ àkàrà tí a rà ní alẹ́ àná ní àjẹyó, òkun kò sì mọ̀ pé tíṣà ni mí. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo bì gbogbo rẹ̀ sínú omi. Bàbá ọlọ́kọ̀ kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bu omi mímu fún mi, ó sì fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n máa wo ibi tí ọ̀run àti omi gbé pàdé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ara sì rọ̀ mí díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo rí ohun kan bí èéfín funfun tí ó ru sókè láti inú omi. Arábìnrin náà kígbe. Èémí àbùùbùtán ni. Bàbá darí ọkọ̀ sí ìhà ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a súnmọ́ wọn, ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró láti má ṣe tì wá síwájú mọ́, nítorí òfin ilẹ̀ Bràsíìlì kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ọkọ̀ dé ibi tí kò tó 100 mítà sí ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo wa dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà náà ni ẹ̀yìn kan yọ láti inú omi, ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń yọ lọ títí tí mo fi rò pé kò ní òpin. Ìyá ni. Arábìnrin náà ní ó tó mítà 14, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ wa méjì. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́, èyí tí a ń pè ní ìkókó, ṣùgbọ́n tí ó ju mítà mẹ́rin lọ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Irú àbùùbùtán yìí ni a lè pè ní abuké, nítorí pé ó ń ká ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí ó yọ ikẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ rì. Apá rẹ̀ gùn tó ìdá mẹ́ta ara rẹ̀. Abẹ́ ìrù rẹ̀ ní àmì dúdú àti funfun tí kò bá ti èkejì mu, àwọn onímọ̀ sì ń fi ìyẹn dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń fi ìlà ojú dá ènìyàn mọ̀ ní àtijọ́.

Láti inú òkun tútù ìhà gúsù ni wọ́n ti ń wá, ní ìrìn tí ó ju 4,000 kìlómítà lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bí edé ní àjẹsanra. Nígbà tí wọ́n bá sì dé Bahia, díẹ̀ ni oúnjẹ tí wọ́n lè rí. Ọ̀rá ara ìyá ni ìyá fi ń wà láàyè, òun náà ni ó fi ń fún ọmọ lọ́mú.

Bí a ti dúró, ọmọ náà yí padà, ó ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa bí ọmọdé tí ó rí àlejò. Kò tíì dé àárín ọ̀nà tí ìyá fi ti ìsàlẹ̀ dìde, tí ó dábùú ara rẹ̀ sí àárín ọmọ àti ọkọ̀. Kò bínú, kò fi ìrù lu omi. Ó kàn dúró ni bí ògiri. Ó sì rọra fi orí ti ọmọ rẹ̀ kúrò.

Mo rí i pé bàbá ọlọ́kọ̀ ti ṣí fìlà rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní bàbá tí ó bí bàbá-bàbá òun jẹ́ Nàgó, tí a kó wá láti Áfíríkà ní ọmọdé, tí a sì fi sí ẹnu iṣẹ́ àjẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn ọdẹ àbùùbùtán. Ó ní ọgbọ́n àwọn ọdẹ náà ni pé ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀kọ̀ olókùn gún, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyá kò ní fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ. Yóò máa yí ọmọ náà ká, yóò máa fi ara bò ó, títí wọn yóò fi pa òun náà. Bàbá ní ọ̀rọ̀ tí a fi lé ìran àwọn lọ́wọ́ ni pé ní gbogbo ìgbà tí a bá gún ọmọ, baba ńlá àwọn a máa di ojú rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí a gba òun lọ́wọ́ ìyá tòun ni ó ń rí.

Kò sí ẹni tí ó fèsì. Ní ìgbà tí ó ṣe, arábìnrin náà rọ ẹ̀rọ kan tí ń gbọ́ ohùn sínú omi, a sì gbọ́ orin. Àwọn akọ ni ń kọ ọ́, nígbà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí a kò fi òróró sí, ó sì tún ń dún bí fèrè. Ní ọdún 1971 ni Roger Payne àti Scott McVay fi hàn fún ayé pé kì í ṣe ariwo lásán, pé ó ní ìtò, a sì ń tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí orin gidi. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìyá àti ọmọ ti lọ.

Ní ọ̀nà àbọ̀ ni mo gbọ́ èyí tí ó kù nínú ìdáhùn náà. Àwọn tí ń fi àjẹ̀ àti ọ̀kọ̀ ọwọ́ pa wọ́n ṣe wọ́n ní ìpalára, ṣùgbọ́n ní ọdún 1904 ni ará Norway kan, Carl Anton Larsen, tẹ ibùdó ìpẹran dó sí Grytviken ní erékùṣù South Georgia, ní ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ọkọ̀ onírin àti ìbọn tí ń yin ọ̀kọ̀ dé. Òróró wọn di ọṣẹ, ó sì di ohun tí a ń fi sórí búrẹ́dì. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àwọn abuké ìhà Bràsíìlì tó 27,000 kí ìpakúpa tó dé. Ní àárín àwọn ọdún 1950, nǹkan bí 450 péré ni ó ṣẹ́kù. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹran tí a pè ní àbùùbùtán, a bù ú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Kí ni kò jẹ́ kí ó tán? Àwọn ènìyàn kan ni wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní ọdún 1963 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi òfin dá pípa abuké dúró ní ìhà gúsù ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Soviet ṣì ń pa wọ́n ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1986 ni òfin gbogbo ayé lòdì sí pípa àbùùbùtán fún òwò bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́; ní 1987 ni Bràsíìlì ṣe òfin tirẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2019 sì sọ pé wọ́n ti padà tó nǹkan bí 25,000.

Nígbà tí mo padà délé, mo wá ibi tí ọmọkùnrin ọjọ́sí wà. Ó ti dàgbà, òun náà ti di olùkọ́. Mo kọ lẹ́tà sí i, mo dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ní ojú ewé mẹ́rin, mo sì tọrọ àforíjì. Èsì rẹ̀ kò gùn. Ó dúpẹ́, ó ní, "Tíṣà, mo ti gbàgbé ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé pé ẹ ní kí n jókòó."

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì bá a wá a. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ohun tí Ọlọ́run dá sí ayé, ìbáà ṣe igi inú igbó tàbí ẹja inú ibú, tí ọwọ́ ènìyàn kò lè bù tán bí kò bá mọ ìwọ̀n. Àwọn abuké mìíràn ń wá sí etí òkun tiwa náà. Ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, a lè rí wọn láti etí òkun ilẹ̀ Olómìnira Benin, kò sì jìnnà sí wa. Bí Ọlọ́run bá fún yín láǹfààní láti lọ, ẹ má ṣe jẹun yó kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ń wa ọkọ̀ dúró sí ibi tí ó jìnnà sí ìyá àti ọmọ.